Ibojì Àárín Káàdì

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní gáréèjì Òrè. Àwọn àgbèrò ló kọjú síra wọn. Kí èèyàn tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìgò ti ń fò, àdá ti jáde lábẹ́ ẹ̀wù, ọkùnrin kan sì ti nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì oníbúrẹ́dì, ẹ̀jẹ̀ orí rẹ̀ ń ṣàn lọ sínú gọ́tà.

Monílọ́lá wà láàárín wọn. Páálí kan ló gbé dání, káàdì bíńgò tó ṣe fún ilé ìwé kan ní Agbabu ló kún inú rẹ̀. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ to àwòrán ewúrẹ́, ìgbín, ọ̀kẹ́rẹ́ àti adìyẹ sórí kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ wọ́n jáde, ó fi ọ̀rá bò wọ́n kí ọwọ́ àwọn ọmọdé má bà wọ́n jẹ́. Ẹnì kan sáré gba ara rẹ̀ kọjá, páálí já bọ́, káàdì fọ́n káàkiri ilẹ̀. Dípò kó sá, ńṣe ló kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n.

Ọlọ́kadà kan dá ọ̀kadà dúró níwájú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ gùn ún!"

"Káàdì mi!"

"Ikú lẹ fẹ́ fi káàdì rà? Ẹ gùn ún, mo ní!"

Nígbà tó rí i pé kò dìde, òun náà sọ̀ kalẹ̀, ó ń ṣà wọ́n, ó ń ti wọ́n bọ inú ẹ̀wù rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìgò ti bà á. Ó ya etí rẹ̀ òsì títí kan ìsàlẹ̀. Kò pariwo. Ó fa Monílọ́lá sókè ní apá, ó gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà, wọ́n sá gba ọ̀nà Odìgbó.

Ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì tí wọ́n ti ń rán etí rẹ̀, ó di ojú pọ̀, ó bi í pé, "Kí ni nǹkan yìí gan-an, tí mo fi etí mi san owó rẹ̀?"

"Bíńgò ni."

"Bíńgò? Ajá bàbá mi ń jẹ́ Bíńgò."

Monílọ́lá bú sẹ́rìn-ín. Ó mú káàdì kan, ó ṣàlàyé fún un. Ọmọ kọ̀ọ̀kan máa mú káàdì tirẹ̀, tíṣà á máa pe àwòrán, ẹni tó bá ní i á fi ekùrọ́ bò ó. Ẹni tí ìlà tirẹ̀ bá kọ́kọ́ kún á pariwo bíńgò.

"Eléyìí tó wà láàárín ńkọ́? Òdòdó ló wà nínú gbogbo wọn."

"Ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í pè é. Gbogbo èèyàn ló máa ń bò ó kí eré tó bẹ̀rẹ̀."

"Mo fẹ́ràn tàárín yẹn. Kò bá ẹnikẹ́ni jà." Ó ní Hámzàt lorúkọ òun, pé ọmọ Ìwó làwọn, pé bàbá òun Ùsmọ́n ń dáko kòkó lẹ́yìn Odìgbó, lórí ilẹ̀ Bàbá Akínwọlé.

Monílọ́lá wo ilẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni Akínwọlé. Kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn ni Hámzàt ti ń gbé káàdì Monílọ́lá káàkiri ilé ìwé. Ó ń gbé e dé Ago Alaye, ó ń gbé e dé ibi tí títì ọlọ́dà ti parí. Motún, ọ̀rẹ́ Monílọ́lá tó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní Òrè, máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, á na ìka sí i.

"Ẹ̀yin ọlọ́kadà yìí, ṣé káàdì lẹ̀ ń gbé kiri ni àbí ẹni tó ni ín?"

"Àǹtí Motún, ẹrù kan náà ni."

Lọ́jọ́ kan Hámzàt jókòó sórí àga kékeré láàárín àwọn ọmọ, òun náà gba káàdì. Òun ló kọ́kọ́ kígbe bíńgò. Àwọn ọmọ fárí gá. Ọmọbìnrin kan ní bọ̀ọ̀dá náà jí ewúrẹ́ òun bò. Hámzàt dọ̀bálẹ̀ bẹ ọmọ náà nínú eruku kíláàsì. Ojú fèrèsé ni Monílọ́lá wà nígbà náà, ibẹ̀ ló sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ẹni tó ń bá èèyàn gbé ẹrù. Ẹ̀rù bà á. Ọmọ onílẹ̀ ni òun. Ní ilé wọn, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ wọn ni "àwọn àlejò", bí wọ́n tilẹ̀ ti bí ọmọ síbẹ̀ kí wọ́n tó bí òun.

Monílọ́lá sọ òótọ́ fún un níkẹyìn, nínú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Òrè.

"Akínwọlé ni bàbá mi."

Hámzàt gbé ife omi tó ń mu sílẹ̀. "Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ látọjọ́ yìí?"

"Torí pé o ò ní padà wá mọ́."

"Òótọ́ ni." Ó dìde, ó lọ. Monílọ́lá kò rí i títí ìgbà òjò fi parí. Nígbà tó padà wá, ó ti rù, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Mo gbìyànjú láti gbàgbé rẹ. Kò ṣeé ṣe."

Hámzàt mú un dé abà wọn nínú oko lẹ́yìn ìyẹn. Lẹ́yìn ilé alámọ̀ tí bàbá rẹ̀ kọ́, lábẹ́ igi kòkó, ibojì kan wà tí wọ́n fi síméńtì mọ, tí wọ́n kùn ní funfun. Ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Fóònù tó ní àwòrán ìyá náà ti jóná, kò sí òmíràn níbikíbi.

"Ojú wọn ti ń parẹ́ lọ́kàn mi," ló wí. "Èmi ni mo mọ síméńtì yìí. Bàbá mi bínú nígbà tó rí i, kò sọ ìdí."

Monílọ́lá fi fóònù tirẹ̀ ya ibojì náà. Ó kàn fẹ́ kí nǹkan kan ṣẹ́ kù fún un ni.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọn fi dé etí Olúwajùwọ́nlọ, ẹ̀gbọ́n Monílọ́lá tí gbogbo ayé ń pè ní Jùwọ́n. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dènà de Hámzàt lójú ọ̀nà Odìgbó, wọ́n fà á lulẹ̀ látorí ọ̀kadà, Monílọ́lá sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Pákó ìkọ́lé ni wọ́n fi lù ú. Eyín rẹ̀ kan fò sínú koríko.

"Ilẹ̀ wa ni bàbá rẹ ń jẹ! Ìwọ tún fẹ́ jẹ ọmọ wa!"

"Bọ̀ọ̀dá Jùwọ́n, ẹ fi í sílẹ̀!" Monílọ́lá di apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó gé e jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi kún un lẹ́nu. Jùwọ́n já ara rẹ̀ gbà, ó gbá a létí, Monílọ́lá ṣubú lé ọ̀kadà. Sàlẹ́ńsà gbígbóná jó o lẹ́sẹ̀. Àpá ibẹ̀ kò lọ mọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Hámzàt tu ẹ̀jẹ̀ dànù. "Wọ́n á pa mí, Monílọ́lá."

"Ṣé kí n fi ọ́ sílẹ̀?"

"Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀?"

Motún ló ṣe alárinà. Ó lọ bá Akínwọlé níbi tó ti ń la kòkó, ó kúnlẹ̀ sórí èèpo kòkó.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ Monílọ́lá ló gbé mi wá."

"Tíṣà, bó bá jẹ́ ti ọlọ́kadà yẹn ni, dìde kó o máa lọ."

"Ṣé olè ni, sà?"

"Kì í ṣe olè. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo mọ bàbá rẹ̀, èèyàn gidi ni."

"Kí wá ni, sà? Ṣé torí pé Mùsùlùmí ni?"

Akínwọlé fi àdá gún kòkó kan, ó là á. "Bí mo bá fi ọmọ mi fún ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ mi, ọmọ tí wọ́n bá bí á jẹ́ ọmọ ilẹ̀. Àwọn ẹbí mi á ní mo ta ilẹ̀ ní kọ̀rọ̀. O ò mọ àwọn ẹbí mi."

Motún padà lọ léraléra. Monílọ́lá kọ̀ láti jáde kí ẹni tó wá fẹ́ ẹ láti Ondó. Ọdún Kérésì tó tẹ̀ lé e, kò wá sílé. Ìyẹn ló dun Akínwọlé. Ó ránṣẹ́ sí i pé kó wá.

"Kí àwọn Ùsmọ́n máa bọ̀," ló wí, kò wo ojú rẹ̀. "Kí wọ́n wá bí èèyàn ṣe ń wá. Bàbá Ọlọ́rundáre á wà níbẹ̀." Ẹ̀gbọ́n Akínwọlé ni Ọlọ́rundáre, olórí ẹbí. Monílọ́lá wólẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀. Bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì mú un kúrò kíákíá.

"Ṣé ọmọ náà ti mú ọ dé abà wọn rí?"

Monílọ́lá rò pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun ti sùn lọ́dọ̀ ọkùnrin ni. Ìtìjú mú un.

"Rárá o, sà."

"Má débẹ̀. Má bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ abà náà."

Òun àti Hámzàt fọwọ́ sí i pé káàdì bíńgò làwọn máa fi ṣe ìdárayá lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kí ẹbí méjèèjì lè rí nǹkan pa pọ̀ rẹ́rìn-ín sí. Monílọ́lá ya oúnjẹ pupuru, ó ya ọ̀kadà, ó ya kòkó, ó ya ìyàwó tó ń díbọ́n sunkún àti bàbá ìyàwó tó ń lejú. Ó pààrọ̀ ipò wọn lórí káàdì kọ̀ọ̀kan kí ẹni méjì má baà jẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Àárín nìkan ló ṣẹ́ kù. Ó gbìyànjú òrùka, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gbìyànjú ọkàn pupa, ó dà bíi ti gbogbo ayé. Ó wá rántí pé ìyá ọkọ òun kò ní sí níbẹ̀. Ó fi ibojì funfun náà sáàárín, lórí gbogbo káàdì. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ kọjá lọ́kàn rẹ̀ bí ẹni ń kọjá lójú fèrèsé. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ní kí òun má sọ, àwòrán kì í ṣe ọ̀rọ̀. Kò fi han Hámzàt. Ó fẹ́ kó yà á lẹ́nu.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ni àwọn ará Ìwó dé ilé Akínwọlé ní Odìgbó. Wọ́n gbé iṣu àti èso wá. Pásítọ̀ gbàdúrà, áfáà gbàdúrà. Jùwọ́n jókòó sí igun, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n jẹun tán ni Motún pín káàdì àti ekùrọ́.

"Bàbá ìyàwó tó ń lejú!" Motún pè é.

Gbogbo ilé hó. "Ó wà lọ́dọ̀ mi!" "Òun náà rèé níbí!" Akínwọlé pàápàá rẹ́rìn-ín, ó fi ekùrọ́ bo àwòrán ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Hámzàt ti rí àárín káàdì. Ó gbé e sí àyà, ó wo Monílọ́lá láti òdìkejì, omi sì wà lójú rẹ̀. Nínú gbogbo ọjọ́ ayé Monílọ́lá, ìṣẹ́jú yẹn ló dùn jù.

"Bàbá, ẹ ò tíì bo àárín," Motún sọ fún Ọlọ́rundáre. "Ọ̀fẹ́ ni, sà."

"N kì í bo ohun tí n kò mọ̀." Arúgbó náà gbé káàdì sún mọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Kí ni eléyìí?"

Monílọ́lá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. "Ìyá Hámzàt ni, Bàbá. Ibojì wọn ni. Wọn ò lè wá, ni mo ṣe fi wọ́n sáàárín, kí wọ́n lè wà lọ́wọ́ gbogbo wa."

"Níbo ni ibojì yìí wà?"

"Ní abà, sà."

"Abà wo?"

Nígbà náà ló rí ojú bàbá rẹ̀. Ó ti pẹ́ jù. "Lórí ilẹ̀ wa, sà."

Ẹ̀rín dá wáí. Àlejò lè gbin kòkó sórí ilẹ̀ Odìgbó títí irun rẹ̀ á fi funfun. Ó lè kọ́lé alámọ̀, ó lè bímọ síbẹ̀. Òkú rẹ̀ nìkan ni kò gbọdọ̀ sin síbẹ̀. Bó bá ti sin ín, ó ti di onílẹ̀ nìyẹn, kò sí ẹni tó lè ní kó kó ẹrù rẹ̀ mọ́. Gbogbo àgbà tó wà nínú ilé náà ló mọ̀ ọ́n. Monílọ́lá tó dàgbà sí ìdí kọ̀ǹpútà ní Òrè kò mọ̀ ọ́n.

"Ùsmọ́n," Ọlọ́rundáre wí, "ta ló fún ọ láyè?"

Ùsmọ́n gbé ojú sókè. Akínwọlé ló ń wò. Gbogbo ilé bá a wò ó. Akínwọlé ń ṣa ekùrọ́ kúrò lórí káàdì rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Èmi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀," ló wí.

"Bàbá Jùwọ́n." Ohùn Ùsmọ́n kò lọ sókè. "Bàbá Jùwọ́n, ẹ rántí Ọlọ́run."

"Mo ní n kò mọ̀!"

Jùwọ́n ti dìde. Ó gbé àga, ó là á mọ́ ẹ̀yìn àbúrò Ùsmọ́n kan, àga fọ́. Ó ta tábìlì èso dànù. "Wọ́n wá tọrọ ìyàwó, àṣé ilẹ̀ ni wọ́n ti gbà! Ẹ lọ gbé òòlù ńlá yẹn wá! Lónìí ni obìnrin yẹn máa jáde!"

Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáré gun ọ̀kadà lọ sí abà. Hámzàt gun ọ̀kadà tirẹ̀. Monílọ́lá fò sẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń pe orúkọ òun, kò wẹ̀yìn.

Wọ́n débẹ̀ nígbà tí òòlù àkọ́kọ́ balẹ̀. Síméńtì ti sán. Hámzàt ju ara rẹ̀ lé ibojì náà, ó nà gbọọrọ. Wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá a níhà, wọ́n wọ́ ọ kúrò, ó rákò padà. Wọ́n tún wọ́ ọ. Ó tún padà.

"Ẹ pa mí sí i! Ẹ pa mí kí ẹ sin mí tì wọ́n!"

"Bọ̀ọ̀dá Jùwọ́n, mo ti jáwọ́!" Monílọ́lá ń ké. "Mi ò fẹ́ ẹ mọ́! Ẹ gbọ́, mi ò fẹ́ ẹ mọ́!"

Jùwọ́n kò gbọ́. Ó tún na òòlù sókè. Hámzàt dìde lórí orúnkún, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di igi òòlù náà mú, kò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Jùwọ́n fi ọwọ́ kejì fa àdá yọ ní ẹ̀gbẹ́, ó ṣá a. Ọwọ́ náà já ní ọrùn ọwọ́, ó bọ́ sínú ewé gbígbẹ.

Hámzàt wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò yé e. Monílọ́lá já gèlè orí rẹ̀, ó fi so apá náà, ó fún un pinpin, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń gba inú rẹ̀ jáde. Jùwọ́n dúró díẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Lẹ́yìn náà ó gbé òòlù, ó parí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ṣọ́bìrì wú ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fọ́n ọn sáàárín kòkó. Jùwọ́n sá lọ láti ibẹ̀. Títí dòní, wọn ò rí i mú.

Akínwọlé wá sí ọsibítù ní Òrè nígbà tí Hámzàt ti lè jókòó. Ó dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Èmi ni mo fún bàbá rẹ láyè," ló wí. "Ọdún kóníléógbélé ni. Wọ́n ti dí gbogbo ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò lè gbé òkú kọjá. Ó ń sunkún níwájú mi. Mo ní kó sin ín síbẹ̀, kó má mọ nǹkan kan lé e lórí, kí ilẹ̀ dà bí ilẹ̀."

"Kò sọ fún mi," Hámzàt wí. "Èmi ni mo mọ síméńtì yẹn lé e."

"Bí mo bá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, wọ́n á ní mo fi ilẹ̀ ẹbí tọrẹ. Wọ́n á gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ mi."

Monílọ́lá dìde lórí àga. "Ẹ wá ń sọ ọ́ fún wa báyìí. Kí la fẹ́ fi ṣe? Ẹ lọ sọ ọ́ fún Bàbá Ọlọ́rundáre."

Akínwọlé dé fìlà rẹ̀. "Ọmọ mi, má ṣe fi mí ṣe ẹlẹ́yà."

Ó lọ. Kò sọ ọ́ fún Ọlọ́rundáre.

Ùsmọ́n ṣa ohun tó rí ṣà nínú igbó kòkó náà, ó dì í sínú aṣọ funfun, ó kó o lọ sí Ìwó pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni Monílọ́lá wọkọ̀ lọ bá wọn. Àsíátù, àbúrò Ùsmọ́n, ló ṣílẹ̀kùn. Ó wò ó látòkè délẹ̀, ó fún un ní omi, kò bá a jókòó.

Hámzàt jáde wá. Ó ti ká apá ẹ̀wù rẹ̀ ọ̀tún pọ̀, ó fi pín-ìnnì há a.

"O rù," ló sọ fún un.

"Mo kúrò nílé. Ọ̀dọ̀ Motún ni mò ń gbé." Ó kúnlẹ̀. "Èmi ni mo fi wọ́n sórí káàdì, Hámzàt. Bàbá mi kìlọ̀ fún mi, mi ò sọ fún ọ."

"Èmi ni mo mú ọ débẹ̀. Dìde. Má kúnlẹ̀ fún mi."

"Mi ò nílò ẹbí kankan. Jẹ́ ká lọ síbi tí wọn ò ti mọ̀ wá."

Nínú yàrá, wọ́n gbọ́ tí Ùsmọ́n ń wúkọ́.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," Hámzàt wí. "Mi ò ní parọ́ fún ọ. Àmọ́ bàbá mi kò lè jókòó síbi tí o bá wà. Ohùn rẹ tó gbọ́ báyìí, kò ní jẹun lónìí. Ẹni kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún mi nìyẹn."

"Èmi ńkọ́?"

Ó fi ọwọ́ òsì nu ojú rẹ̀, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró títí ọkọ̀ fi gbé e.

Wọn ò fẹ́ ara wọn. Ọwọ́ ọ̀tún Hámzàt jẹrà sínú igbó kòkó Odìgbó. Egungun ìyá rẹ̀ tó dé Ìwó kò pé.